Àkọ́rọ̀ Tó Tàn Wá Jẹ

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti kọ̀wé lójú ewé yìí nípa àdúrà, nípa ìfẹ́ láàárín tọkọtaya àti nípa ọmọ títọ́. Ọ̀rọ̀ àgbàdo ni a mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé, "Kí ló kan ìjọ Ọlọ́run nínú ọ̀rọ̀ àgbàdo?" Ní agbègbè Ìsẹ́yìn tí a ti ń ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́, inú oko ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ wa ti ń jẹun. Ibẹ̀ ni ìdámẹ́wàá ti ń wá, ibẹ̀ ni owó ilé-ìwé ọmọ ti ń wá, ibẹ̀ náà ni owó ìgbéyàwó ti ń jáde. Bí àgbàdo bá kùnà, kò sí ilé tí kò ní mọ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, àṣìṣe kan wà tí a ṣe lórí pẹpẹ, tí ó kó ìdílé mélòó kan sínú ìnira. Orí pẹpẹ kan náà ni a ti jẹ́wọ́ rẹ̀, a sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ níhìn-ín kí àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run mìíràn má baà jìn sí kòtò kan náà.

Ọmọ àgbẹ̀ ni wá. Nígbà tí a wà ní kékeré, bàbá tó bí wa kì í wo kàlẹ́ńdà kí ó tó gbin àgbàdo. Bí òjò bá ti rọ̀ ní oṣù kẹta, tí ó sì tún rọ̀ tẹ̀lé e, bàbá yóò já irúgbìn tí ó so rọ̀ sókè ààrò, níbi tí èéfín kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́, yóò sì kọrí sí oko. Nígbà tí yóò bá fi di oṣù kẹfà, a ti ń jẹ àgbàdo tútù. Ní oṣù kẹjọ, òjò yóò dáwọ́ dúró díẹ̀, a ó ká èyí tó gbẹ, a ó sì múra láti gbin ti ẹ̀ẹ̀kejì fún òjò àrọ̀kúrò. Ọdún kan tí a kò lè gbàgbé ni 1983, nígbà tí ọ̀dá mú, tí iná ọyẹ́ sì jó oko kòkó ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Yorùbá. Bàbá wa ní, "Ọdún burúkú ni, yóò lọ." Lóòótọ́ ó lọ, ọdún mìíràn sì dára. Èyí ló jẹ́ kí a gbà lọ́kàn pé bí òjò ṣe ń rọ̀ nígbà ayé bàbá wa ni yóò máa rọ̀ títí láé.

Nígbà tí Olúwa pè wá, a lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì ní àwọn ọdún 1990. Wọ́n kọ́ wa bí a ti ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́, wọ́n kọ́ wa bí a ti ń wàásù, wọ́n tilẹ̀ kọ́ wa ní èdè Gíríìkì díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ́ wa nípa òjò, àwa náà kò sì béèrè.

Ní ọdún 2014, a ra irúgbìn àgbàdo háíbíríìdì láti ilé ìtajà, a gbìn ín sí oko ẹ̀gbẹ́ ilé ìjọsìn. Ẹ̀yin ará, àgbàdo náà ṣe dáadáa! Ọmọ rẹ̀ gùn, ó kún dé orí, kò sí eyín tó ká. Nígbà tí a ń ṣe ìdúpẹ́ ìkórè, a ṣa èyí tó dára jù nínú rẹ̀, a bó o, a gbọ́wọ́ lé e, a gbàdúrà sí i, a sì pín in fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, kóńgò méjì-méjì. A pè é ní irúgbìn ìbùkún. A ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ná owó lórí irúgbìn mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Gbogbo ìjọ kígbe Halelúyà.

Ọdún 2015 wọlé. Ní oṣù kẹta, òjò ńlá méjì rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, a ṣí Ìwé Oníwàásù orí 11, ẹsẹ kẹrin, níbi tí a ti sọ̀rọ̀ ẹni tí ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ tí kò sì fúnrúgbìn. A wàásù tagbáratagbára. A ní òjò àkọ́rọ̀ ti dé, ẹni tó bá ní ìgbàgbọ́ kó gbé ọkọ́ rẹ̀, ẹni tó bá ń ṣiyèméjì kó jókòó sílé. Bàbá kan wà nínú ìjọ, díákónì ni, ọjọ́ orí rẹ̀ ju àádọ́rin ọdún lọ. Ó ti sọ ní ìpàdé àwọn ọkùnrin pé omi náà kò tíì wọ ilẹ̀. A kò dárúkọ rẹ̀ lórí pẹpẹ, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó jókòó ló mọ ẹni tí a ń bá wí. Bàbá tẹrí ba, wọn kò sọ nǹkan kan.

Ìyá Ìbejì, opó kan láàárín wa, ti yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti fi san owó katakata. Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n gbin éékà méjì. Ọ̀pọ̀ ló ṣe bẹ́ẹ̀. Òjò bá lọ. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ó di méjì, ó di mẹ́ta. Àgbàdo tó ti yọ ká ewé rẹ̀ bí ẹni ká ẹní, ó sì gbẹ. Èyí tí kò tíì yọ, àparò àti ọ̀kẹ́rẹ́ wú u jẹ. A kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí òjò kò tún rọ̀, a ṣí Ìwé Jóṣúà orí keje, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá Ákánì nínú àgọ́. A ní ẹnìkan wà nínú ìjọ tó fi ẹ̀ṣẹ̀ pamọ́. Nígbàkúùgbà tí a bá rántí ìwàásù yìí, ojú máa ń tì wá.

Ìparí oṣù kẹrin ni òjò tó padà, ó sì padà dáadáa. Ìyá Ìbejì mú èyí tó ṣẹ́kù nínú irúgbìn ìbùkún, wọ́n lọ tọrọ lọ́dọ̀ àwọn tí kò tíì gbin tiwọn, wọ́n sì tún oko gbìn. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni Bàbá Díákónì gbin tiwọn, irúgbìn tí wọ́n rà lọ́dún náà ni wọ́n lò. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló là oko méjèèjì. Ilẹ̀ kan náà ni, òjò kan náà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù keje, ẹni tó bá dúró lójú ọ̀nà náà yóò rí ohun ìyanu. Àgbàdo Bàbá dọ́gba bí ọmọ ilé-ìwé tó tò sórí ìlà. Ti Ìyá Ìbejì, òmíràn ga, òmíràn kúrú, òmíràn ti yọmọ, òmíràn kò tíì yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ká a, ohun tó wọlé kò tó san gbèsè. Ọmọ-ọmọ wọn tó yẹ kó san owó ìdánwò WAEC fún ọdún tó tẹ̀lé e kò rí i san.

Ìyá wá sí ilé wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Wọn kò bínú, ìbá sì sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi Olúwa léèrè. Irúgbìn ìbùkún ni mo gbìn. Ọjọ́ tí ẹ ní ká gbìn ín ni mo gbìn ín. Ibo ni mo ti ṣẹ̀?"

A kò rí èsì fọ̀. Ìyàwó wa gbé wọn dìde. Ní òru ọjọ́ náà, a kò fojú ba oorun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a lọ sí ilé Bàbá Díákónì, a sì dọ̀bálẹ̀ fún wọn. A ní, "Bàbá, ẹ dárí jì wá. Kí lẹ rí tí àwa ò rí?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ dìde, Pásítọ̀. Ẹ ka ẹsẹ kẹrin, ẹ ò ka ẹsẹ kẹfà. Ẹ ò sì dé ọ̀dọ̀ Jákọ́bù."

A ṣí i níbẹ̀. Ní ẹsẹ kẹfà orí kan náà, oníwàásù ní kí a fúnrúgbìn ní òwúrọ̀, kí a má sì dáwọ́ dúró ní ìrọ̀lẹ́, nítorí a kò mọ èyí tí yóò ṣe rere. Ní Jákọ́bù 5:7, àgbẹ̀ ni a fi ṣe àpẹẹrẹ sùúrù, ẹni tí ń dúró de òjò àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò. Ẹ̀yin ará, bàbá tí a bú pé kò ní ìgbàgbọ́ ló ń ṣe ohun tí Bíbélì wí. Àwa tí a di ìwé-ẹ̀rí mú ni a gé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí méjì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ àgíríìkì, ló wá ṣàlàyé ìyókù fún ìjọ. Àlàyé rẹ̀ àti ohun tí a ti kà lẹ́yìn náà ni a fẹ́ pín pẹ̀lú yín.

Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀rọ̀ irúgbìn. Àgbàdo fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó ti ń tukọ̀ lọ síbẹ̀. Láti ìgbà tó ti dé ni ó ti ń bá àrùn ilẹ̀ wa jà. Ọ̀kan nínú àwọn àrùn náà máa ń fa ìlà tó ṣì sára ewé láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kòkòrò kékeré kan tó ń fò ló ń gbé e kiri, ó sì lè sọ odindi oko di asán. Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, àwọn onímọ̀ ṣiṣẹ́ ní àwọn ọdún 1970 títí wọ́n fi rí àgbàdo tí àrùn yìí kò lè borí. Ní àwọn ọdún 1980, wọ́n bí àwọn háíbíríìdì tó bá ilẹ̀ Nàìjíríà mu. Láti ibẹ̀ ni irú àwọn àgbàdo tí ẹ ń gbọ́ orúkọ wọn lọ́jà, bí Oba Super, ti jáde.

Báwo ni wọ́n ti ń bí háíbíríìdì? Wọn á mú oríṣi àgbàdo kan, wọn á máa fi lẹ́búlẹ́bú orí rẹ̀ gbà á fúnra rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìran, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi jọra bí ìbejì. Wọn á ṣe bẹ́ẹ̀ fún oríṣi kejì. Lẹ́yìn náà ni wọn á fi ọ̀kan gba èkejì. Ọmọ tí àwọn méjèèjì bá bí yóò lágbára ju òbí rẹ̀ lọ, yóò sì dọ́gba. Ṣùgbọ́n agbára náà kì í kọjá sí ọmọ-ọmọ pátápátá. Bí ẹ bá gbin èyí tí ẹ ká lóko, ìwà àwọn baba ńlá rẹ̀ yóò tú ká: òmíràn a ga, òmíràn a kúrú, ìkórè yóò sì dín kù. Ohun tí a gbọ́wọ́ lé nìyẹn ní 2014. Àdúrà wa kò burú, Olúwa sì gbọ́ ìdúpẹ́ wa. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ni Olúwa fi fún wa, àwa ló sọ ọ́ di irúgbìn. Àgbàdo mìíràn wà tí kì í ṣe háíbíríìdì, tí a mú dára, tí àgbẹ̀ sì lè pamọ́ gbìn fún bí ìgbà mẹ́ta kó tó ra tuntun, bí kò bá jẹ́ kí ó dàpọ̀ mọ́ ti aládùúgbò. Ó yẹ kí ẹni tó ń ra irúgbìn béèrè èyí tó jẹ́.

Lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀rọ̀ òjò. A máa ń rò pé bí òjò ọdún bá ti pọ̀, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún kan lè ní òjò tó pọ̀ kí àgbàdo sì kú, bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ díẹ̀ ló rọ gbogbo rẹ̀ tán, tí ọ̀dá sì wà láàárín. Ayé ń móoru sí i, afẹ́fẹ́ tó móoru sì ń gbé omi púpọ̀ sí i: bí ooru bá fi ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì kan lé sí i, omi tí afẹ́fẹ́ lè gbé yóò fi bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí òjò fi lè rọ̀ bí ìgbà tí a da garawa, kó gbá ajílẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà kó sì di ọjọ́ gbọọrọ kó tó tún rọ̀.

Ìgbà kan wà tí àgbàdo kò lè gba ọ̀dá mọ́ra rárá. Ìrùkẹ̀rẹ̀ orí rẹ̀ ni akọ, irun tó yọ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ sì ni abo. Okùn irun kọ̀ọ̀kan, hóró àgbàdo kan ló dúró fún. Bí lẹ́búlẹ́bú ìrùkẹ̀rẹ̀ bá bọ́ sórí irun, hóró yóò dúró. Bí oòrùn bá mú nígbà náà, irun yóò pẹ́ kó tó yọ, lẹ́búlẹ́bú yóò sì ti bọ́ sílẹ̀ tán. Àgbàdo a wá ká eyín bí ẹnu arúgbó. Ọ̀dá bí ọ̀sẹ̀ méjì ní àsìkò yìí lè ba iṣẹ́ oṣù mẹ́ta jẹ́. Ooru nìkan tilẹ̀ ń ṣọṣẹ́. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ tó yẹ àdánwò àgbàdo tó lé ní 20,000 wò ní ilẹ̀ Áfíríkà rí i pé ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì kọ̀ọ̀kan tí ooru bá fi kọjá 30 ní ọjọ́ kan ń dín ìkórè kù ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ọ̀dá bá wà pẹ̀lú, ó di ìdá kan àti ẹ̀sún méje.

Ẹ ó wá béèrè pé, ṣé irúgbìn tuntun kò lè gbà wá lọ́wọ́ òjò tó yí padà? Ó lè ràn wá lọ́wọ́. Láti 2007 sí 2015, IITA àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè mẹ́tàlá nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, láti bí àgbàdo tó lè farada ọ̀dá. Ọ̀nà kan tí wọ́n gbà ni pé wọ́n yan èyí tí irun rẹ̀ kì í pẹ́ yọ bí oòrùn bá tilẹ̀ mú. Àwọn àgbàdo tó tètè gbó tún wà, tí kì í ju nǹkan bí 90 ọjọ́ lọ, nígbà tí àwọn mìíràn ń lo 120. Ṣùgbọ́n àgbàdo tó ń farada ọ̀dá kì í ṣe àgbàdo tí kò fẹ́ omi. Bí a bá gbìn ín sínú eruku, eruku ni yóò kú sí. Ní oko ìwádìí, irúgbìn tó dára lè mú ju tọ́ọ̀nù 5 wá lórí hẹ́kítà kan, nígbà tí ìkórè àwa àgbẹ̀ Nàìjíríà ń yí káàkiri tọ́ọ̀nù 2. Àkókò ìgbìn, ajílẹ̀, koríko àti kòkòrò ló wà láàárín méjèèjì. Irúgbìn tuntun kò ní kí a má mọ ìgbà. Ó tilẹ̀ jẹ́ kí mímọ ìgbà ṣe pàtàkì sí i, nítorí pé owó ni a fi rà á.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan nínú oṣù kẹsàn-án ọdún náà, a dúró níwájú ìjọ. A ní kò sí Ákánì kankan, àwa ni a ṣi ìgbà mú. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bàbá Díákónì àti lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì. Ìjọ dá owó, a sì san gbèsè Ìyá. Owó ìdánwò ọmọ náà, àwa àti ìyàwó wa ló san án nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n ọdún kan ti lọ lórí ọmọ náà, a kò sì lè san ọdún padà.

Ohun tí a ń ṣe láti ìgbà náà nìyí, kí ẹni tó bá wúlò fún mú un lò:

1. A kì í gbìn nítorí òjò kan tàbí méjì. A máa ń wa ilẹ̀ wò. Bí ọ̀rinrin kò bá tíì jìn dé ìgbọ̀nwọ́ bí a bá ti ọwọ́ bọ inú ihò náà, a ó dúró.

2. A kì í gbin gbogbo oko lọ́jọ́ kan. A ń pín in sí méjì tàbí mẹ́ta, pẹ̀lú nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá láàárín. Oníwàásù 11:6 nìyẹn lóko.

3. A ń gbọ́ ohun tí àjọ NiMet bá sọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n máa ń kéde ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró, àti ibi tí ọ̀dá lè wà láàárín. Àwọn kan ní àsọtẹ́lẹ̀ ayé ni. A máa ń dá wọn lóhùn pé nígbà tí Ágábù sọ tẹ́lẹ̀ pé ìyàn ń bọ̀, ní Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 11, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn kò kàn pariwo Àmín. Olúkúlùkù wọn dá owó bí agbára rẹ̀ ti mọ.

4. Bí háíbíríìdì bá ni, a ń ra tuntun lọ́dọọdún. Ìjọ ní àpótí kékeré kan tí àwọn opó ti ń yá owó irúgbìn, láìsí èlé.

5. Fún òjò àrọ̀kúrò, èyí tó tètè gbó ni a ń gbìn, nítorí òjò lè kánjú lọ.

A kò sọ pé wàhálà ti tán. Ní 2016, kòkòrò tuntun kan tó ń jẹ ọkàn àgbàdo wọ ilẹ̀ wa láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì jẹ oko wa bí ó ti jẹ oko aláìgbàgbọ́. A tún ní láti kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n láti 2015, a kò tún fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lé ẹnikẹ́ni lọ sí oko gbígbẹ mọ́.

Ìlérí Jẹ́nẹ́sísì 8:22 kò yẹ̀: ìgbà ìfúnrúgbìn àti ìgbà ìkórè kò ní dópin. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò bá wa dá ọjọ́ oṣù kẹta nínú ẹsẹ náà, àwa ló fi kún un. Jósẹ́fù gba ìfihàn ní Íjíbítì, ìgbàgbọ́ rẹ̀ sì kọ́ àká. Ẹni tó bá ń bójú wo ilẹ̀ kó tó gbìn kò dẹ́ṣẹ̀ àìgbàgbọ́. Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa, bí ọmọ ìjọ bá kùnà lóko, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bá a lọ sí oko náà, kí a tó máa wá ẹ̀ṣẹ̀ nínú ilé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà. Baba wa ọ̀run, ìwọ tí o ni òjò, tí o sì ni irúgbìn, dárí jì wá níbi tí a ti fi ìtara bo àìmọ̀ mọ́lẹ̀. Fún àwọn àgbẹ̀ wa ní òjò ní àsìkò, fún wọn ní ọgbọ́n láti mọ àsìkò náà, má sì jẹ́ kí opó kankan sọkún lóko nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu àwa ìránṣẹ́ rẹ. Ní orúkọ Jésù. Àmín.